Ìtumọ̀ àti Ìlò Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì Kan: "Ó Kú bí Ẹyẹ Dódò"

Kò sí èdè kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ti wà rí tí kò sì sí mọ́. Yorùbá a máa wí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti di àwátì, tàbí pé ó ti rá, tàbí pé ó ti di ohun àmúpìtàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ nínú wọn ni èyí tí ó wí pé nǹkan kan ti kú bí ẹyẹ dódò ti kú, "dead as a dodo". Ìkejì rẹ̀ sì ni èyí tí ó wí pé nǹkan náà ti gba ọ̀nà tí ẹyẹ dódò gbà lọ, "to go the way of the dodo".

Ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ ṣe alábàápàdé àwọn gbólóhùn wọ̀nyí nínú ìwé kò lè ṣe kí ọkàn rẹ̀ má sáré lọ sí ìdí ààrò, níbi tí a gbé ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Lẹ́tà méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: dòdò ni à ń jẹ, dódò ni ẹyẹ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín ni àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti mọ̀ pé ẹyẹ ni à ń wí kò tí ì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn kan wà nínú àkànlò-èdè yìí, ìdájọ́ kan sì wà nínú ìtàn náà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń lò ó ń dá láìmọ̀, títí kan àwọn tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó tọ́ kí ẹni tí yóò fi kọ́ ẹlòmíràn, tàbí tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mọ ìtàn náà, kí ó sì yẹ ìdájọ́ inú rẹ̀ wò bóyá ó gún.

Ìtumọ̀ rẹ̀ lórí ahọ́n kò ṣòro. Nǹkan tí a bá wí pé ó kú bí dódò ni èyí tí irú rẹ̀ ti tán láyé, tí a kò sì ní ìrètí pé yóò tún padà wá. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àlàyé rọ̀ mọ́ níbẹ̀ ni "irú". Gẹ̀ẹ́sì ní àkànlò-èdè mìíràn tí ó dàgbà ju èyí lọ, tí ó wí pé ènìyàn tàbí nǹkan kú bí ìṣó ara ilẹ̀kùn, "dead as a doornail". Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni a ti rí i nínú ìwé wọn. Shakespeare lò ó, Charles Dickens náà sì lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Kérésìmesì tí ó tẹ̀ jáde ní 1843. Ohun tí ìyẹn ń tẹnu mọ́ ni pé ikú náà dájú, pé kò sí èémí kankan mọ́ nínú ẹni tí à ń wí. Ẹnì kan lè kú bí ìṣó, kí ọmọ rẹ̀ mẹ́wàá ṣì máa rìn kiri ìlú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè kú bí dódò kí ẹyọ kan ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wọn ni èyí tí ó fi dáínósọ̀ ṣe àkàwé. Dáínósọ̀ ni àwọn ẹranko ayé àtijọ́, tí púpọ̀ nínú wọn tóbi kọjá sísọ, tí wọ́n sì tán ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá pè ní dáínósọ̀ ni ẹni tí ó tóbi, tí ìrìn rẹ̀ wúwo, tí ìgbà rẹ̀ sì ti kọjá. Kò sí ènìyàn láyé nígbà tí dáínósọ̀ tán. Nítorí náà kò sí ẹni tí a lè bi ní ẹjọ́ ikú wọn. Ti dódò kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, òun náà ni a kì í sì í rántí.

Ní ti ìlò, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Èkíní ni pé a kì í lò ó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olóògbé. Ẹni tí ó bá lọ kí opó, tí ó sì wí pé ọkọ rẹ̀ kú bí dódò, ti tàbùkù sí òkú, ó sì ti bú alààyè, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ kan wà nínú gbólóhùn náà tí kò bá ẹkún mu. Àṣà, òfin, ẹ̀rọ, ìlànà àti èrò ọkàn ni a máa ń lò ó fún. Wáyà tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára: ilé-iṣẹ́ Western Union ní Amẹ́ríkà fi òpin sí tirẹ̀ ní 2006, ilẹ̀ Índíà sì fi òpin sí tirẹ̀ ní 2013. Ní Nàìjíríà, pọ́n-ùn àti ṣílè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1973, nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ gorí oyè.

Èkejì ni pé gbólóhùn méjèèjì kò ṣeé fi rọ́pò ara wọn níbi gbogbo. "Dead as a dodo" wà fún ohun tí ó ti kú pátápátá nìkan. Ṣùgbọ́n bí nǹkan náà bá ṣì wà, tí ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kejì ni a óò lò: a óò wí pé ó ń gba ọ̀nà dódò lọ, tàbí pé yóò gba ọ̀nà náà bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe. Èyí ni ó fi jẹ́ pé gbólóhùn kejì yìí ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe ìkìlọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú orúkọ ẹyẹ náà. Nínú ti àkọ́kọ́, "a" ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé ẹyẹ kan lásán ni a fi ṣe àkàwé. Nínú ti èkejì, "the" ni, nítorí pé gbogbo ìran ẹyẹ náà lápapọ̀ ni ó rin ọ̀nà tí à ń wí. Ẹni tí ó bá gbé "a" sí ipò "the" nínú gbólóhùn kejì yóò jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé àlejò ni.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀nà" tí ó wà nínú gbólóhùn kejì ní gbòǹgbò tirẹ̀. Nínú Bíbélì, Jóṣúà àti Dáfídì, nígbà tí ikú wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí gbogbo ayé ń lọ. Láti inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú àṣà wíwí pé ẹni tí ó kú ti gba ọ̀nà gbogbo ẹlẹ́ran-ara. Ọ̀nà àjọrìn ni ìyẹn: baba ti rìn ín, ọmọ yóò rìn ín. Nígbà tí a wá yọ gbogbo ayé kúrò, tí a fi ẹyẹ kan rọ́pò, a sọ ọ̀nà àjọrìn di ọ̀nà tí ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ kì í fi àrólé sílẹ̀.

Kí wá ni ẹyẹ yìí jẹ́, kí sì ni ó ṣe tí a fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìparun? Erékùṣù Mauritius ni ilé rẹ̀, nínú Òkun Índíà, ní ìlà-oòrùn Madagásíkà. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí ó ti jẹ́ ilé fún un rí. Ìdílé ẹyẹlé àti àdàbà ni ó ti wá. Ní 2002, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ èròjà ìran ara rẹ̀ wò fi hàn pé nínú àwọn ẹyẹ tí ó ṣì wà láàyè, ẹyẹlé Nicobar ti gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó bá a tan jùlọ. Ó ga tó nǹkan bí mítà kan, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ ní ṣóńṣó bí ìwọ̀, apá rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fò. Èso tí ó bá já bọ́ wà lára oúnjẹ rẹ̀, ilẹ̀ ni ó sì ń yé sí. Kí a má ṣe ka àìlèfò yìí sí àbùkù. Kí ènìyàn tó dé Mauritius, kò sí ẹran afọ́mọlọ́mú kankan tí ń rìn lórí ilẹ̀ náà. Àdán nìkan ni ó wà, lójú ọ̀run. Kò sí ológbò, kò sí ajá, kò sí eku. Ẹyẹ tí kò ní ọ̀tá kò ní ìdí láti fò sá lọ, èyí tí kò sì ní ìdí láti fò sá lọ kò ní ìdí láti máa bọ́ apá ńlá.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1598, àwọn ọkọ̀ ojú omi Hólándì lábẹ́ Wybrand van Warwijck gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ olórí wọn nílé, Maurits ará Nassau, pe erékùṣù náà. Ebi ń pa àwọn atukọ̀ tí wọ́n ti pẹ́ lójú agbami. Wọ́n rí ẹyẹ tí kò sá fún wọn, wọ́n sì pa á. Ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ yi, wọ́n sì wí pé bí a bá ti ń sè é pẹ́ tó ni ó ń yi sí i. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní "walghvogel", èyí tí ó túmọ̀ sí ẹyẹ tí ń kóni nírìíra. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé jíjẹ ni a jẹ dódò tán.

Ohun tí ó pa á run jùlọ ni ohun tí ọkọ̀ kó wá. Eku bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́, àgbọ̀nrín àti ọ̀bọ náà dé. Ẹyẹ tí ó ń yé sí ilẹ̀, tí a sì gbà pé ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan, kò lè gba ìtẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ eku àti ẹlẹ́dẹ̀. Láti 1638, nígbà tí àwọn ará Hólándì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibẹ̀ dó, ni wọ́n tún ti ń gé igi rẹ̀, pàápàá igi dúdú olówó iyebíye tí a mọ̀ sí ẹ́bónì. Ní 1662, Volkert Evertsz, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ wọn rì ní àdúgbò náà, wí pé òun rí àwọn ẹyẹ yìí ní erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Mauritius. Èyí ni ìròyìn ìkẹyìn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà. Bí àwọn díẹ̀ bá tilẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò àwọn onímọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kọjá òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Láti ìgbà tí àwọn ará Hólándì ti kọ́kọ́ fojú kàn án títí di ìgbà tí ó tán, kò pé 100 ọdún. Nígbà tí wọ́n fi erékùṣù náà sílẹ̀ ní 1710, ẹyẹ náà ti ṣáájú wọn lọ. Lónìí, lára àmì orílẹ̀-èdè Mauritius, èyí tí a ti ń lò láti 1906, dódò dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀nrín dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì: onílé tí ó ti run àti àlejò tí ọkọ̀ gbé wá ni wọ́n jọ di àmì ilẹ̀ náà mú.

Ohun ìyanu ni pé nígbà tí dódò kú, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó kú. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Úróòpù gbà pé kò sí irú ẹ̀dá kan tí ó lè tán pátápátá. Bí a kò bá rí i níhìn-ín, yóò wà níbòmíràn. Ìgbà tí Georges Cuvier ní ilẹ̀ Faransé ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí egungun àwọn erin àtijọ́ ní 1796 ni èrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nítorí náà, nígbà tí a kò rí dódò mọ́, kàkà kí àwọn ènìyàn wí pé ó ti tán, àwọn mìíràn wí pé kò tilẹ̀ wà rí, pé irọ́ àwọn atukọ̀ ni. A pa ẹyẹ náà tán, a sì tún fẹ́ pa ìrántí rẹ̀.

Lára ohun tí ó yọ ọ́ nínú irọ́ ni orí kan àti ẹsẹ̀ kan ní Oxford. A ti rí dódò láàyè ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1638, níbi tí a gbé fi í ṣe ohun ìwòran. Òkú ọ̀kan tí a kì lárakì sì wà nínú àkójọ àwọn Tradescant, èyí tí ó di ti Yunifásítì Oxford nígbẹ̀yìn. Ara rẹ̀ jẹrà bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí ó fi ku orí àti ẹsẹ̀ kan. Láti inú ìwọ̀nyí, àti àwọn àwòrán àti àkọsílẹ̀ àtijọ́, ni Strickland àti Melville ti kọ ìwé wọn ní 1848, tí wọ́n fi hàn gbangba pé ẹyẹ náà wà rí, pé ìbátan ẹyẹlé ni, àti pé ọwọ́ ènìyàn ni ó run ún. Ní 1865, George Clark, olùkọ́ kan ní Mauritius, rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ egungun dódò nínú irà tí à ń pè ní Mare aux Songes. Ní ọdún kan náà ni Lewis Carroll, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Oxford, tẹ ìtàn Alice jáde, tí ó sì fi Dódò ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé mú un dájú pé dódò ti kú. Ìwé àwọn ọmọdé mú orúkọ rẹ̀ wọ inú gbogbo ilé. Lórí ilẹ̀ tí méjèèjì ti ro sílẹ̀ yìí ni àkànlò-èdè náà ti gbilẹ̀.

Níhìn-ín ni ìdájọ́ tí a mẹ́nu bà ṣáájú gbé wà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a bá pè ní dódò ni òmùgọ̀. Nípa orísun orúkọ náà, àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan: àwọn kan fà á tọ ọ̀rọ̀ Hólándì tí ó túmọ̀ sí ọ̀lẹ, àwọn kan fà á tọ ọ̀rọ̀ Potogí tí ó túmọ̀ sí aṣiwèrè. Èyí ó wù tí a bá mú nínú méjèèjì, ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀. Àwọn ayàwòrán náà yà á ní ẹyẹ tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ, tí ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí a bá wá wí pé ẹ̀rọ kan tàbí àṣà kan ti gba ọ̀nà dódò, ohun tí olùgbọ́ ń gbọ́ lábẹ́lẹ̀ ni pé ó lọ́ra, pé kò gbọ́n, pé kò bá ìgbà mu, àti pé ó yẹ kí ó lọ.

Ẹ̀rí kò gbe ìdájọ́ yìí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí wọ́n wọn àyè ọpọlọ inú agbárí rẹ̀ rí i pé ọpọlọ rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ẹyẹlé yòókù. Ní 2018, a kéde pé a rí ọta òjé wẹ́wẹ́ nínú orí tí ó wà ní Oxford: ẹyẹ tí àwọn kan ti rò pé òun ni ẹyẹ ìwòran ti Lọ́ńdọ̀nù, ìbọn ni a yìn lù ú láti ẹ̀yìn orí. Dódò bá ilé rẹ̀ mu rẹ́gí kí àlejò tó dé. Bí a bá fẹ́ fi òtítọ́ tú àkànlò-èdè náà palẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó máa wí ni pé wọ́n dé bá a nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń tán.

Nítorí náà, ó tọ́ kí ẹni tí ń lo gbólóhùn yìí bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ta ni ó pa á? Ní ti wáyà, ìdáhùn kò nira: ohun tí ó yá jù ú lọ dé, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ̀. Ní ti owó ẹyọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀: kì í ṣe ẹyọ ni ó gọ̀, ìjọba amúnisìn ni ó fi owó onírin tirẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wí pé èdè kan ti gba ọ̀nà dódò, tàbí igbó kan, tàbí ọdún ìbílẹ̀ kan, gbólóhùn náà ti di ìbòjú. Èdè kì í dédé kú. Òbí ni kì í fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé-ìwé ni ó ń na ọmọ nítorí rẹ̀. Ìjọba ni kì í fi ṣe ìjọba. Òkú kò lè jẹ́rìí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹni tí ó pa á náà ni ó tún pa òwe nípa ikú rẹ̀, kò yani lẹ́nu bí òwe náà bá dá òkú lẹ́bi.

Báwo wá ni a ṣe lè gbé e wọ inú Yorùbá? Bí a bá wí pé nǹkan "di àwátì", a ti súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwátì fi hàn pé ẹnì kan wá a, kò sì sí ẹni tí ó wá dódò nígbà tí ó ń lọ. Bí a bá wí pé ó "pòórá", olùgbọ́ lè rò pé oògùn ni ó fi ṣe é, àti pé yóò tún yọ níbòmíràn. Nípa òkú ènìyàn, Yorùbá a máa wí pé ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ṣùgbọ́n ìrètí ṣì wà nínú ìyẹn, nítorí pé a lè pàdé lójú àlá. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà ni, ẹlòmíràn a sì gorí ìtẹ́. Baba tí ó kú lè padà wá ní Babátúndé, ìyá lè padà wá ní Ìyábọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń rọ ikú lọ́wọ́ ni ó gbà pé ẹnì kan ṣẹ́kù sílé. Òwe tí ó sọ ọ́ ṣàkó ni èyí: iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń dín dòdò ní àrólé. Ẹyẹ dódò kò ní.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jùlọ ni "àkúrun". Ohun tí ó kú àkúrun ni èyí tí ó kú tọmọtọmọ, tí kò ku ẹnì kan tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ilé. Bí a bá wí pé àṣà kan ti kú àkúrun, a ti sọ gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn, a kò sì tíì bú òkú pé ó gọ̀. Àwọn kan lè jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í pẹ́ di irọ́, nítorí pé ní 2023, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò gbìyànjú láti mú dódò padà wá nípa títún èròjà ìran ẹyẹlé Nicobar ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ yọrí sí rere, ẹyẹlé tí a tún ṣe kí ó lè jọ dódò ni yóò jẹ́. Igbó tí dódò gbé kò sí bí ó ti wà mọ́, kò sì sí ìyá tí yóò kọ́ ọmọ náà ní ìwà dódò.

Yorùbá kò ní dódò, ṣùgbọ́n ó ní igún. Àwọn àgbà wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹni tí ó bá ronú sí òwe yìí yóò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òfin ni ó dúró bí odi yí ẹyẹ kan ká, ẹyẹ tí ń gbá ìlú àti ọjà mọ́ kúrò nínú ohun tí ó ń rà. Síbẹ̀, ní 2015, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá, IUCN, fi igún tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Necrosyrtes monachus, èyí tí a mọ̀ jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sí ìpele àwọn ẹ̀dá tí ìparun wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Májèlé wà lára ohun tí ń pa á, òwò tí a ń fi orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe nítorí oògùn sì wà lára rẹ̀, ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tí ó ju 2,000 lọ ni májèlé pa, a sì bá àwọn mìíràn nínú wọn tí a ti gé orí wọn lọ. Ọmọ tí a bí sí ìlú ńlá lónìí lè gbọ́ òwe igún títí kí ó má fojú kan igún rí.

Àkànlò-èdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn ikú ẹyẹ náà. Òwe Yorùbá ti wà nílẹ̀ kí ikú tó dé. Ti ìṣáájú dà bí àkọlé ara ibojì, ti ìkejì jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò pa mọ́ kì í pẹ́ di àkọlé ibojì. Bí igún bá kú àkúrun, a kì yóò gbọ́ kí òwe náà parẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Yóò máa wà lẹ́nu àwọn ènìyàn bí ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ ojú olúwa rẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí dódò ti wà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó lo àkànlò-èdè náà, kí olùkọ́ sì fi kọ́ ọmọ. Kí ó kàn rántí láti pa ìtàn ẹyẹ náà mọ́ ọn, kí ọmọ náà lè máa bèèrè, nígbàkígbà tí a bá wí fún un pé nǹkan kan ti lọ, pé ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń lọ.